Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ ni Jẹ̀dí: Ìpè sí Gbogbo Ẹbí ní Imota

Ẹ̀yin ará Imota, nílé lóko, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí ẹ máa ń wálé fún ìpàdé ẹbí, ọ̀rọ̀ ìdí ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má bínú. Ẹni tí ojú ń tì jù láti gbọ́ ọ ni mò ń bá wí jù.

Lọ́dún tó kọjá, a sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọ́n lẹ pósítà rẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìlú: gèlè aláwọ̀ búlúù, ẹ̀rín díẹ̀ lẹ́nu, àti àkọlé pé ó dágbére fáyé "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́". Àìsàn ráńpẹ́ ọ̀hún gbà tó ọdún kan ààbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó sì fi pamọ́ fún gbogbo wa. Nígbà tó máa sọ, ìyá alágbo tó ń jókòó sẹ́nu gáréèjì ló sọ fún. Ìyá náà ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ife tó ń fọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ràn nǹkan dídùn?" Ẹ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ò mọ̀ pé kò lè mu gààrí láìfi ṣúgà sí i? "Jẹ̀dí ni." Ó rọ àgbo sínú ike, ó ní kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi mu ún. Ìgbà tí dókítà fi máa rí ohun tó wà nínú ìfun ńlá rẹ̀, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí ètò ìsìnkú parí, tí ẹbí jókòó láti ṣírò ohun tí a ná, mo béèrè bóyá ẹnì kan ti kú irú ikú yìí rí nínú ilé wa. Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Ẹnì kan ní kí n má fẹnu mi fa nǹkan burúkú wọlé. Ìgbà tó yá ni Ìyá Àgbà, ẹni tó kù nínú àwọn àbúrò bàbá bàbá mi, tún ìborùn rẹ̀ ṣe, tó ní: "Bàbá yín àgbà náà ńkọ́? Àti àbúrò rẹ̀ tó kú sí Agbowa? Jẹ̀dí náà ni wọ́n pè é."

Ènìyàn mẹ́ta, ilé kan, orúkọ kan náà. Ọmọdé ìlú yìí lè sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí fún wa ní oṣù kìíní ọdún 2023 lè lọ tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ilé kan ohun tó pa ìyá ìyá rẹ̀. Á ní, "Wọ́n ní inú ló ń run ún."

Mi ò bá alágbo jà. Jẹ̀dí wà lóòótọ́. Iṣan ìdí ló ń wú, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹ̀jẹ̀ jẹ̀dí àti ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń gbà jáde, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀: alágbo kò lè ṣe é, nọ́ọ̀sì kò lè ṣe é, bíbéèrè nípa ṣúgà kò sì yanjú rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kókó kékeré kan á yọ sára ìfun, bí èso ẹ̀wà, láìdun ẹnikẹ́ni. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ kó tó yíwà padà. Bí wọ́n bá rí i láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, wọ́n á gé e dànù, ẹni tó ni ín á sì padà sí ọjà rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gan-an ni à ń fi àgbo jẹ̀dí jó.

Kí ló fà á tí kókó ẹnì kan fi ń di jẹjẹrẹ, tí ti ẹlòmíràn á sì wà bẹ́ẹ̀ dọjọ́ ikú? Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ẹran pupa àjẹjù wà níbẹ̀, ọtí, sìgá, ìjókòó sójú kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí a jogún náà sì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ti ń tú wò láti bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan nínú rẹ̀ tó yà mí lẹ́nu ni ti họ́mọ̀nù, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọ bíbí nìkan ni họ́mọ̀nù wà fún.

Oníṣẹ́ tí ara ń rán nínú ẹ̀jẹ̀ ni họ́mọ̀nù. Wọ́n lè pèsè rẹ̀ nínú ilé ẹyin obìnrin tàbí nínú kórópọ̀n ọkùnrin, kó sì jẹ́ pé inú ìfun ló ti máa jíṣẹ́. Kó tó lè jíṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀kùn tó bá a mu lára sẹ́ẹ̀lì. Jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ìwé ìwọ̀n tí ara fi ń kan ilẹ̀kùn náà. Ẹ fún káfíńtà méjì ní ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan, kí ẹ wá yí nọ́ńbà kan péré padà nínú ti ẹnì kejì. Ilẹ̀kùn méjèèjì á ṣí, wọ́n á tì. Ọ̀kan á kàn máa ha ilẹ̀ díẹ̀. Irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kún inú jíìnì gbogbo wa.

Ilẹ̀kùn méjì ni ẹ́strójìn, họ́mọ̀nù tó pọ̀ lára obìnrin, ní. Nínú ìfun ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà ló pọ̀ jù, jíìnì tó ni ìwọ̀n rẹ̀ sì ń jẹ́ ESR2. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì: ó ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu kó má pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń dàgbà nínú ìfun ni ilẹ̀kùn yìí ń pòórá. Ní Yunifásítì Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Martha Slattery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wò: ti ilẹ̀kùn ẹ́strójìn, ti họ́mọ̀nù ọkùnrin, ti fítámì D (họ́mọ̀nù lòun náà, oòrùn ló ń bá wa pèsè rẹ̀ lára awọ), àti ti ínsúlínì pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀. Wọ́n rí i pé irú ESR2 kan ń gbé ewu sókè fún àwọn obìnrin kan. Díẹ̀ ló fi ń gbé e sókè. Nígbà tí àwọn mìíràn sì tún irú iṣẹ́ yìí ṣe níbòmíràn, àbájáde wọn kò bára mu. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àyẹ̀wò jíìnì họ́mọ̀nù fún yín, tó ní òun á fi sọ ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun máa mú, ẹ di owó yín mú.

Pé họ́mọ̀nù lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìfun, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn obìnrin tó lé ní 16,000 jọ, tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Wọ́n fún apá kan ní oògùn ẹ́strójìn pẹ̀lú projẹ́stínì, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé ènìyàn 43 ni jẹjẹrẹ ìfun mú nínú àwọn tó lo họ́mọ̀nù, 72 nínú àwọn tí kò lò ó. Kẹ́nikẹ́ni má sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìì o! Ìwádìí oògùn yẹn kan náà ni wọ́n dá dúró ní 2002, nítorí oògùn náà ń fa jẹjẹrẹ ọmú, àrùn rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì. Àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun sì mú nínú àwọn tó ń lò ó, ó ti tàn jù kí wọ́n tó rí i.

Ti ínsúlínì ló kàn wá jù. Bí ikùn bá ti ń yọ síwájú, ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sókè, yóò sì máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìfun pé kó máa pọ̀ sí i. Jíìnì tí ènìyàn jogún lè mú kí ẹrù yẹn wúwo ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. A kò lè pààrọ̀ jíìnì. Ìgò mínírà mẹ́ta lóòjọ́ ni a lè pààrọ̀, àti ọ̀kadà tí a ń gùn láti ìta dé ẹnu ọ̀nà ilé kejì.

Àwọn wo ni wọ́n wá fi ṣe gbogbo ìwádìí yìí? Ní 2018, nínú gbogbo ènìyàn tí wọ́n ti yẹ jíìnì wọn wò káàkiri ayé láti wá ohun tó so jíìnì mọ́ àìsàn, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ọmọ ìran Yúróòpù. Ti ọmọ ìran Áfíríkà jẹ́ bíi 2.

Ẹ̀yin á ní àwọn òyìnbó ò mọ̀ wá ni. Wọ́n mọ̀ wá! Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ aráyé, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 90 ni wọ́n gbà ní Ìbàdàn: ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. YRI ni wọ́n ń pè wá nínú ìwé wọn, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn. Ilé ìpamọ́ kan ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin Yorùbá kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ NA18507 wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ka gbogbo jíìnì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2008. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Japan, ní Jámánì, ní Ọsirélíà, ń fi tiwa wọn ti ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìtàn àìsàn kankan mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, kí àṣírí àwọn tó fi í sílẹ̀ má bàa tú, mi ò sì bá wọn wí. Kò sẹ́ni tó kọ ohun tó pa bàbá NA18507 síbẹ̀. Gbogbo lẹ́tà jíìnì rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ìtàn ilé rẹ̀ ni kò sí.

Ìtàn ilé yìí gan-an ni mo ń wá bẹ̀ yín fún, torí òun ló ti kọ́kọ́ ṣí ojú àwọn oníṣègùn sí i pé jẹjẹrẹ ìfun lè jẹ́ àjogúnbá. Ní 1895, aránṣọ kan ní ìlú Ann Arbor ní Amẹ́ríkà sọ fún dókítà kan tó ń jẹ́ Aldred Warthin pé òun mọ̀ pé òun kò ní dàgbà kóun tó kú, torí bí gbogbo ará ilé àwọn ṣe ń lọ nìyẹn: ti inú, ti ìfun, ti ilé ọmọ. Ẹlòmíràn á ní kó lọ gbàdúrà. Warthin jókòó, ó ní kó máa ka orúkọ wọn fóun, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tẹ ìtàn ẹbí náà jáde ní 1913. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló padà pa aránṣọ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Lónìí, àrùn àjogúnbá inú ẹbí yẹn ní orúkọ, Lynch, a sì mọ àwọn jíìnì tó ń fà á: MLH1, MSH2 àti àwọn méjì-mẹ́ta mìíràn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tún àṣìṣe ṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ara rẹ̀ kọ. Tiwọn kì í ṣe ilẹ̀kùn tó ń ha ilẹ̀ díẹ̀. Ilé tí kò ní òrùlé ni. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ìfun àti ilé ọmọ ni ó máa ń bá jà jù lọ. Bí ìyá bá kú ikú ilé ọmọ, tí ọmọkùnrin rẹ̀ sì kú ikú ìfun, ó lè jẹ́ àrùn kan náà.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ Isaac Alatise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ti para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ aṣèwádìí tí wọ́n ń pè ní ARGO láti 2013. Ní 2021, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú jẹjẹrẹ ìfun àwọn aláìsàn Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì pé ohun èlò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún àṣìṣe ṣe ti bàjẹ́. Ti àwọn aláìsàn New York tí wọ́n fi wé wọn kò tó 10. Gbogbo èyí kọ́ ni àjogúnbá, ṣùgbọ́n apá kan lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tiwa sì ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Nígbà kan, Denis Burkitt, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ń kọ ọ́ káàkiri pé oúnjẹ wa tó ní ṣákítí ló jẹ́ kí àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ láyé ìkọ́kọrẹ́ àti èbìrìpò. Ayé ti yí.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń pa á mọ́ra. Kí ẹbí Yorùbá tó fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n á ṣèwádìí: ṣé wàrápá ò sí nílé yìí, ṣé wèrè ò sí? Ẹni tó bá sọ pé jẹjẹrẹ wà nílé òun lè rò pé òun ti ba ọjà ọmọ òun jẹ́ nìyẹn. Àwọn kan á tún ní ayé ló ṣe é, ìyàwó kejì ló ṣe é, tí wọ́n á fi ọdún méjì wá ẹni tí wọ́n máa bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ jíìnì kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Kò sí pásítọ̀ tàbí ààfáà kan ní Imota tó máa so yìgì lónìí láì béèrè jẹ́notáìpù. AS àti AS, a ti mọ̀ ọ́n. Ojú kò tì wá láti sọ ọ́ nígbangba nínú ilé Ọlọ́run, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìrora. Ẹni tó lè sọ AS lè sọ ìfun.

Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, mo ń pe gbogbo ẹbí tó wà ní Imota: ní ìpàdé ẹbí yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ mú ìwé kan jáde. Ẹ kọ orúkọ àwọn òbí yín, àwọn òbí wọn, àti gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí tó kú, ibi tó ń dùn ún, ohun tí dókítà pè é bí dókítà bá rí i. Ẹ kọ ti ìfun, ti ilé ọmọ, ti ọmú, ti inú. Ẹ má kọ "àìsàn ráńpẹ́". Ẹ má sì kọ jẹ̀dí àyàfi tí ẹnì kan bá fi ẹ̀rọ wo ibẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ni kí ẹ bi, torí àwọn ló tọ́jú wọn, àwọn ló fọ aṣọ.

Bí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín bá ní jẹjẹrẹ ìfun, ewu tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọmọ ogójì ọdún, tàbí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí ó mú ẹni yẹn, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó mú ní 43, kí ọmọ rẹ̀ má dúró kọjá 33. Mo mú 43 torí ọjọ́ orí tí jẹjẹrẹ ìfun pa Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, nìyẹn ní 2020. Àyẹ̀wò jíìnì sì ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá lára.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jáde, tàbí tí bó ṣe ń yàgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń rù láìmọ̀dí, kó má lo ike àgbo kan ṣoṣo kó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìkòròdú wà níbẹ̀. Wọ́n lè darí yín sí LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí OOUTH ní Ṣágámù tí kò jìnnà sí wa. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí nínú ìgbọ̀nsẹ̀, àti ti rọ́bà oníkámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun. Bí wọ́n bá sì gé kókó kan, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò fún àmì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pé ohun èlò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún àṣìṣe ṣe ti bàjẹ́, torí àwọn oògùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún irú yẹn ju òmíràn lọ.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá àwọn alágbo yín jókòó. Ẹ má lé wọn. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn kan: "Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ná, kí ẹ tó padà wá." Ìyá alágbo tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ á gba ẹ̀mí là ju ọ̀pọ̀ wa tó kàwé lọ.

Kábíyèsí Ranodu àti àwọn ìjòyè, ẹ̀yin alága káńsù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ jẹ́ kí a fi ohùn kan béèrè pé kí àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé wa, kó sì wà lára ohun tí Ìlera Èkó ń sanwó fún. Ohun tí nọ́ọ̀sì máa fi ṣe é kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ.

Ní tàwọn tó ń ṣèwádìí, bí wọ́n bá ní kí ẹ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ègé kókó, ẹ má sá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní Yorùbá títí ó fi yé yín, ẹ bi wọ́n ibi tó ń lọ àti ẹni tó máa jẹ èrè rẹ̀, ẹ bi wọ́n bí èsì rẹ̀ á ṣe padà dé Imota. Bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún wọn, kí ẹ sì fi ìtàn ilé yín tì í lẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.

Ìpàdé ẹbí tiwa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ra ìwé, mo ti fa ìlà sí i, mo ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ti àwọn méjì tí Ìyá Àgbà sọ sójú òkè. Lánàá ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí n fi àyè sílẹ̀. Òun ti rántí ẹnì kẹrin.